Àwọn Ebè Tí Mo Kọ Sábẹ́ Àpáta

Ẹnì kan tí ó ti kú kí baba ńlá àwọn baba ńlá mi tó dé ayé ni ó gé mi lọ́wọ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni, ẹ̀jẹ̀ sì bo àlùbọ́sà Madamu, ọ̀gá mi. Mo ń ro ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀ lábẹ́ àpáta, mo rí ohun dúdú kan tí ó ń dán nínú erùpẹ̀, mo rò pé èérún ìgò ni, mo sì fẹ́ mú un jù nù kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Bí mo ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó là mí lára bí abẹ onígbàjámọ̀.

Mo fọ̀ ọ́ nínú garawa. Kì í ṣe ìgò. Òkúta ìbọn ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ abúlé Goro nílé wa máa ń fi sí ìbọn ṣakabùlà kí ó lè ta iná. Ó gùn tó ìka àárín mi, ó fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà méjì tí ó tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò kì í fa irú ilà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni ó ṣe é.

Bí mo ti jókòó sórí garawa tí mo di àtàǹpàkò mú, Mùsé, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, Berisáà ń kọjá. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń wá walẹ̀ lábẹ́ àpáta Madamu, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì bíi ti àwọn tí ń kun ilé. Ó wo òkúta náà. Kò wo àtàǹpàkò.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ìdí àlùbọ́sà, Mùsé."

"Nígbà tí wọ́n ṣe é, kò tíì sí àlùbọ́sà níbí. Kò sí búrẹ́dì. Kò tilẹ̀ sí Faransé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ó mú mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ Tchaourou, wọ́n fi kọ́ wa pé Faransé ti wà látayébáyé, pé òun ni ìyá gbogbo wa. Kí ọmọ Faransé gidi wá dúró níwájú mi kí ó ní ìgbà kan wà tí kò sí! Mo gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi. Mo ní, "Ta ló wá wà níbí nígbà náà, Mùsé?" Ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, oúnjẹ ọ̀sán sì tutù mọ́ Madamu lọ́wọ́.

Mi ò ní fi bí mo ṣe dé ilẹ̀ Périgord ní Faransé dá yín dúró. Ọ̀gá ojú irin kan tí mo ń dáná fún ní Tchaourou ni ó fẹ̀yìn tì, ó mú mi dání lọ sílé, nígbà tí ó sì rí i pé ìyàwó òun kò fẹ́ ata nínú ọbẹ̀, ó fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní oko. Àbúrò yìí ni Madamu Labọ́dì. Opó ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ máa ń dé òdìkejì odò. Ó ní oko igi nuá, tí èso rẹ̀ le bí ẹ̀kùrọ́, ó ní pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ kan, ó sì ní àpáta gíga funfun kan tí ó yọ orí síwájú bí àtíbàbà. Abẹ́ àpáta yẹn ni Mùsé ti ń walẹ̀.

Òtútù kọ́ ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Madamu gbé àrọ lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí a fi ń da epo sínú ìgò, ó sì mú pẹ́pẹ́yẹ kan lọ́rùn.

"Tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí o da àgbàdo sí i."

"Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni, Madamu?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Ṣé ó kọ̀, kò jẹun ni?"

"Ó ti jẹun. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ó wú, kí a lè tà á."

Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń bẹ àlejò pé kí ó tún jẹ sí i, a tilẹ̀ máa ń bínú bí ó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì rónú kan àrọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni èkejì. Olú dúdú kan wà tí ń hù lábẹ́ ilẹ̀ ní ìdí igi, àwọn olówó ń dù ú, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni ó sì ń gbóòórùn rẹ̀. Èmi ọmọ Mùsùlùmí láti ilé Mùsùlùmí, èmi ni mo ń fi okùn mú ẹlẹ́dẹ̀ rìn kiri inú igbó ní ìgbà òtútù, tí mo ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, má fara kàn mí." Bí ó bá ti hú olú jáde, mo gbọ́dọ̀ já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí ara á fi máa ta mí. Àdúrà kan ṣoṣo tí mo máa ń gbà nínú igbó yẹn ni pé kí ọkọ̀ ojú irin kankan má gbé ará Tchaourou kankan dé Périgord.

Àwọn ará abúlé kò burú. Wọ́n kàn máa ń béèrè ìbéèrè kan náà ni. "Níbo lo ti wá?" Màá ní Tchaourou. "Ṣé ìtòsí Dàkáà ni?" Màá ní rárá, Dàkáà jìnnà sí wa. "Ó dára, ó dára. Ṣé o mọ Mamadú?" Ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n, ó ní kí n kí yín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá mi ṣe ọ̀rẹ́.

Àwọn òkú abẹ́ àpáta nìkan ni kò béèrè ibi tí mo ti wá. Mùsé sọ fún mi pé àwọn náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ẹran kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, tí wọ́n ń pè ní rẹ́nì, ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ibi tí rẹ́nì bá lọ ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí òtútù dín kù, tí rẹ́nì gba ìhà àríwá, wọ́n fi iná wọn sílẹ̀ nínú eérú, wọ́n gbéra. Nígbà tí mo bá ń fọ́ èso nuá nínú ilé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó ń bi mí pé níbo ni mo ti wá, àlejò ni ó ti ṣáájú wọn ní ilẹ̀ náà, ẹran ni ó sì mú un wá. Èmi náà ni ẹlẹ́dẹ̀ ń mú kiri. Kò sí ẹni tí ó kàn sọ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run sí abúlé rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni òjò ńlá dé pẹ̀lú àrá. Madamu gbé òkúta dúdú kan sílẹ̀ láti orí ààrò, ó dán, ó ní ẹnu bí àáké. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. "Ẹdùn àrá!" Èdè wa ni mo fi pariwo rẹ̀. Madamu ní ìyá ìyá òun ni ó rí i lóko, pé àrá ni ó jù ú, ilé tí ó bá sì wà, àrá kò ní í kọlù ú. Mùsé, tí òjò ti lé wọlé láti abẹ́ àpáta, bú sẹ́rìn-ín, ó ní àáké àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ni, àwọn tí ó dé lẹ́yìn àwọn ọdẹ rẹ́nì, pé iyanrìn àti omi ni wọ́n fi pọ́n ọn. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ rí ojú ibi tí wọ́n ti pọ́n ọn. Síbẹ̀, nígbà tí àrá kejì sán, Madamu ń ka rọ́sárì rẹ̀, èmi ń ka tẹ̀sùbáà mi, àwa méjèèjì sì sún mọ́ òkúta tí ẹ̀sìn méjèèjì kò fọwọ́ sí. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Mùsé náà ti sún mọ́ wa díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Búbákà, ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin ní Kútọnu. Òun ni ó ṣètò pé kí Ìyá wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Tchaourou, kí a fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Mo wẹ̀, mo wọ kóòtù, mo lọ sí láposì, ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé. Obìnrin ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

"Alò! Ìyá, ẹ kú ilé o!"

"O kú àjò o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà. Òtútù ńkọ́?"

"Òtútù wà. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ní kí n kí ọ. Tonton, àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Sanson, ní kí n kí ọ. Lèmọ́ọ̀mù ní kí n kí ọ. Ìyàwó àkọ́kọ́ Lèmọ́ọ̀mù ní kí n kí ọ. Ìyàwó kejì kò ní kí n kí ọ, ó ń bínú sí mi, àmọ́ mo bá a kí ọ."

"Mo dúpẹ́, Ìyá. Ẹ wò ó, mo fẹ́ sọ fún yín pé..."

Okùn já. Obìnrin láposì wò mí tàánútàánú. "Ṣé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ yín, Mùsé?" Mo ní, "A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkíni ni, Madamu."

Ìgbà tí ewé yọ ni Mùsé gbà mí láàyè láti máa bá òun walẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ti mọ orúkọ gbogbo irin iṣẹ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣe: èyí tí a fi ń há awọ, èyí tí a fi ń lu egungun, èyí tí a fi ń ré nǹkan. Mo ti rí abẹ́rẹ́ egungun tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òwú Madamu kò lè wọ̀ ọ́. Mo sì mọ ìlànà: Mùsé fi okùn pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìpele erùpẹ̀ dúdú ni ó wà lókè, nítorí eérú iná wọn, pupa tẹ̀ lé e, èyí tí ó dà bí iyanrìn wà nísàlẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó dàgbà jù. Erùpẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, orí pákó tirẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà, kí a tó fi asẹ́ jọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kan, ọmọ Mùsé obìnrin bímọ ní ìlú, Mùsé sì sáré lọ. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo bá iṣẹ́ lọ. Ilẹ̀ dúdú yẹn rọ̀, ó lọ́ràá, eérú àti egungun ni ó jẹ yó fún gbogbo ìgbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kan irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò bá a mu mọ́, mo lọ mú ọkọ́. Nígbà tí pákó kún, mo wo erùpẹ̀ tí ó fọ́n kálẹ̀ bí ìgbà tí adìẹ tan ilẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn mi kedere. Ní Tchaourou, ọkùnrin tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ tí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ará oko á fi ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìkórè. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wà á jọ. Bàbá mi kì í sì í fi ilẹ̀ dúdú nìkan kọ ebè. Ó máa ń po pupa mọ́ ọn kí iṣu lè rí ibi dúró, ó sì máa ń fi iyanrìn díẹ̀ sí i kí omi má baà dúró nídìí rẹ̀. Èmi náà pò ó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọ̀wọ́ ebè méjì wà lábẹ́ àpáta, wọ́n tọ́, wọ́n ga dé orúnkún mi, koríko sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan kí oòrùn má baà pa á. Mo dúró lókèèrè, orí mi wú.

Madamu dé. "Ó mà dára o! Sàréè ta ni?"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mùsé dé, ó mú àkàrà òyìnbó ọmọ tuntun dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dúró.

"Kí ni èyí?"

"Ebè ni, Mùsé."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ebè?"

"Ibi tí a ń gbin iṣu sí."

"Iṣu wo?"

Mo wò yíká. "Kò tíì sí, Mùsé."

Ó jókòó. Orí ebè kan ni ó jókòó lé, ó sì kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé a kì í jókòó lé e. Ó bu erùpẹ̀ ebè náà sọ́wọ́, ó wò ó. "O ti gbé baba lé orí ọmọ," ó ní, "o gbé baba àgbà lé orí baba, o pò wọ́n bí ìyẹ̀fun, o wá dé wọn ní fìlà koríko. Padà sídìí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì pariwo. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Madamu sáré lọ gbé ọtí kíkan wá, ó gbé e sí mi nímú, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo ń sín. Kò sí ẹni tí ó lè bínú pẹ́ nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Mùsé kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó fi majẹ̀mú kan sí i.

"Ohun tí o pò, ẹnikẹ́ni kò lè yà á mọ́, àfi òkúta fúnra rẹ̀. Bí èérún méjì bá wọnú ara wọn, ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ti jáde, ní ìjókòó kan. Jọ̀ gbogbo ebè rẹ. So òkúta kan ṣoṣo pọ̀ fún mi, kí n mọ̀ pé o ti lóye ohun tí o bàjẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tún dé abẹ́ àpáta yẹn mọ́."

Mo mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó rò pé kò ṣeé ṣe ni.

Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n bá lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo fi jọ̀ àwọn ebè náà. Mo kó èérún òkúta lọ sí òkè àjà tí a ti ń sá èso nuá, mo tẹ́ wọn sórí aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, nítorí ohun dídùn ni. Òkúta ìbọn kì í fọ́ bí ó ti wù ú. Ibi tí òòlù ti bà á máa ń wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Láti ibẹ̀ ni ìgbì kéékèèké ti ń ràn jáde bí ìgbà tí a ju òkò sómi. Èérún tí ó bá wú báyìí, kòtò rẹ̀ wà lára èkejì. Ìta òkúta ní èèpo funfun bí ẹfun, nítorí náà mo kó àwọn elèèpo sọ́tọ̀. Mo yan àwọ̀ kan, aláwọ̀ oyin tí ó ní ilà eérú, nítorí èyí tí ó jọ ọ́ kò pọ̀. Èyí tí ó tóbi jù, tí wọ́n ti ṣá títí tí wọ́n fi jù ú nù, òun ni mo pè ní ìyá. Àwọn yòókù ni ọmọ.

Mo wá èyí tí ó wọnú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí ó wá ṣẹlẹ̀, ó dún ni: kẹ́. Bí ìdérí àpótí. Mo gbìyànjú láti mi ọmọ yẹn lára ìyá rẹ̀, kò mì. Mo fò sókè, mo fi orí gbá igi àjà.

Nígbà tí mo ti so mẹ́fà, mo fi ìyẹ̀fun se àtè, mo lẹ̀ wọ́n. Eku jẹ àtè náà mọ́ féfé, òkúta tú ká. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìda àbẹ́là ni mo lò lẹ́ẹ̀kejì, eku kò fẹ́ràn ìyẹn tó bẹ́ẹ̀.

Àárín ìyẹn ni Ìyá tún wá sí Kútọnu.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe báyìí?" Ó ti kọ́gbọ́n, kò dárúkọ Lèmọ́ọ̀mù rárá.

"Mo ń so òkúta pọ̀ ni, Ìyá."

Mo gbọ́ bí okùn ṣe ń hó.

"Òkúta wo?"

"Òkúta tó fọ́."

"Ta ló fọ́ ọ?"

"Ẹnì kan tó ti kú tipẹ́."

"Òun ló ní kí o bá òun so ó?"

"Rárá, Ìyá. Tíṣà kan ni."

Mo gbọ́ tí ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Búbákà, àbúrò rẹ ń bá òkú ṣiṣẹ́ o." Ó padà sẹ́nu tẹlifóònù. "Gbọ́ mi dáadáa. Mo máa ní kí Lèmọ́ọ̀mù ṣe àdúà fún orí rẹ. Ìwọ náà, má fi òkúta olókùú sílẹ̀ ní àbọ̀, kò dára. So ó. So gbogbo rẹ̀ tán. Ọjọ́ tí o bá so ó tán, kí o máa bọ̀ nílé. Ṣé o ti ṣèlérí?"

Mo ní, "Mo ti ṣèlérí, Ìyá," nítorí ìṣẹ́jú ń tán lọ. Bí mo ti ń rìn padà sí oko ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo sọ. Bí mi ò bá so òkúta, mi ò ní padà sábẹ́ àpáta. Bí mo bá so ó tán, mi ò ní lè dúró níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mọ́kànlá wà lára ìyá wọn, mo gbé e sínú àwo ọbẹ̀ Madamu tó dára jù, mo gbé e lọ síwájú Mùsé ní ilé ìdáná. Ó kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ni. Ó wá fà á pẹ̀lú èékánná, kò tú. Ó mú awò jáde, ó yí òkúta náà, ó tún yí i. Madamu na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo àwo ọbẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi bẹ̀rẹ̀ láti ara èèpo?"

"Ibẹ̀ ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, Mùsé."

Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "O ṣì ba ilẹ̀ mi jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mùsé."

"Burúkú burúkú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mùsé."

"Ọjọ́bọ̀, kí ìrì tó gbẹ. Má mú ọkọ́ wá."

Madamu fi igbe ta. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé sàréè yẹn dára jù kí ó jẹ́ àṣìṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń walẹ̀. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti abúlé mìíràn pé kí ó wá wo òkúta. Wọn kò béèrè Dàkáà lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ń béèrè bóyá ohun tí wọ́n rí tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, orí àjà ni mo máa ń wà. Òkúta aláwọ̀ oyin náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Nígbà mìíràn èérún kan á wà lọ́wọ́ mi, mo mọ ibi tí ó máa wọ̀, màá rántí ìlérí tí mo ṣe fún Ìyá, màá sì gbé e sílẹ̀, màá lọ mu omi ná. Lánàá mo fi ọ̀kan sí i. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì: ìyá kan, ọmọ mẹ́tàlélógún. Àyè mẹ́rin ló ṣófo.